Àwo Abẹ́ Ọkọ̀

Rótìfá ní kí n má tíì sanwó,
kí n kọ́kọ́ dùbúlẹ̀.
Mo tẹ́ páálí sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Kàbà,
mo fi ẹ̀yìn wọ́ wọ abẹ́ Hílúùsì mi
bí ọmọ tó ń wá owó ẹyọ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.
Ọdún mẹ́fà ni mo ti ń wà á.
N kò rí ikùn rẹ̀ rí.

Láti òjò èṣí ni mo ti ń ro ọ̀rọ̀ àwo,
láti ọjọ́ tí òkúta kan lọ́nà Ògìdì
lu páànù ọ́ìlì fọ́ bí ẹyin,
tí àpò kajú méjìdínlógún sùn sínú igbó,
tí èmi àti Ọbajẹ́mù sùn lé e lórí.

Alumíníọ̀mù kan wà ní Lọ́kọ́jà,
ó fúyẹ́, ó ń dán, èèyàn lè fi ṣe dígí.
Rótìfá ní kì í yọ̀ lórí òkúta,
ńṣe ló ń dì mọ́ ọn
bí ọmọ tí wọ́n ń já lẹ́nu ọmú.
Èyí tí wọ́n fi bí ọkọ̀ náà
kò nípọn ju ìdérí agolo mílíìkì lọ.
Ìkẹta, irin tí òun fúnra rẹ̀ gé
lára agbégilódò kan tó ti fẹ̀yìn tì:
mílímítà mẹ́rin,
ó wúwo bí ọ̀rọ̀ àna.

Ìbídùn ti bi mí lóru àná,
iye tí mo fẹ́ fi ra àwo kan fún ọkọ̀,
àwo mélòó ni ì bá rà sílé ìdáná?
Mo ṣe bí ẹni tó ti sùn.

"Kí lo rí?"
Ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ni mo ń wò, wáyà ló fi so sílípáàsì kan.
Mo ní àpá ni.
"Níbo?"
Mo tan iná fóònù.
Iwájú, níbi tí mo fẹ́ náwó sí,
páànù tuntun náà mọ́ tónítóní.
Àárín ni ọgbẹ́ wà, lábẹ́ gíábọ́ọ̀sì,
ìlà lórí ìlà bí pátákó alápatà,
ọ̀kan jìn tó ìka mi.

"Láti ìgbà náà lo ti ń bẹ̀rù fún iwájú," ó ní.
"O rí òkúta, o rọra.
Taya iwájú kọjá, o mí kanlẹ̀, o tẹná.
Taya já sí kòtò,
ikùn wá jókòó lé òkúta."

A fi òòlù na àwo àtijọ́ tọ́ fún iwájú.
Irin agbégilódò lọ sí àárín,
bóòtù mẹ́jọ, ihò wẹ́wẹ́ kí ooru lè mí.
Owó tó ṣẹ́ kù kò ra àwo ìjẹun kankan.

Lọ́jọ́bọ̀ a ń bọ̀ láti oko,
ogún àpò, àwọn àgbẹ̀ ń kí wa, "Òkun o!"
mo ń juwọ́,
gbàǹgà!
Ọbajẹ́mù di ilẹ̀kùn mú.
Mo dúró, mo dùbúlẹ̀ sórí ilẹ̀ pupa,
mo tan iná.
Ilẹ̀ gbẹ.
Ìlà funfun kan lára irin, ìyẹ̀fun òkúta ṣì wà lórí rẹ̀.
Mo fọwọ́ bà á, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́.
Ọbajẹ́mù ní ṣé kò sí?
Mo ní kó ṣe sùúrù.
N kò tíì fẹ́ dìde.