Búlọ́ọ̀kù Kan Nínú Korobá

Ọdún kẹtàdínlógójì rèé tí mo ti ń to búlọ́ọ̀kù n'Íbàdàn,
láti Mọ́níyà títí dé Olójúoro.
Ilé tí mo kọ́, n kò lè kà á tán.
Ọ̀kan ṣoṣo tí mo wó ni mo rántí.

Ilé bàbá mi ni, l'Ókè Àrẹ̀mọ.
Ògiri amọ̀, ó nípọn tó ìgbọ̀nwọ́ kan.
Nínú oṣù Ẹrẹ́nà, bí oòrùn bá ń yan orí páànù bí ẹní yan àgbàdo,
yàrá ìyá wa a tutù bí ìdí àmù.
Mo gbé òòlù.
Mo ní ta ló ń gbé inú erùpẹ̀ láyé sìmẹ́ńtì?
Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi lù ú kó tó gbà láti wó.

Mo kọ́ tuntun. Ó funfun. Ó dúró ṣánṣán.
Ìyá wa lo oṣù kan nínú rẹ̀,
ó ká ẹní rẹ̀ bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀,
ó ní, "Ọmọ mi, ààrò lo kọ́ fún mi. O ṣeun."
Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló ń sùn títí ọlọ́jọ́ fi dé.

Ni Mùtíátù ọmọ mi bá ti Pólì dé
tòun ti ẹ̀rọ onírin kan, ọwọ́ gbọọrọ lórí rẹ̀.
Ó bu ilẹ̀ pupa Àpẹ̀tẹ̀, ó sẹ́ ẹ,
ó da eérú èèpo ìrẹsì sí i,
sìmẹ́ńtì díẹ̀, bí iyọ̀ ọbẹ̀,
sìmẹ́ńtì tí owó rẹ̀ ń gun òkè bí ẹni ń gun Màpó
tí kò rántí pé ó yẹ kóun sọ̀ kalẹ̀.
Ó fa ọwọ́ ẹ̀rọ wálẹ̀. Gbì!
Búlọ́ọ̀kù kan yọ, pupa, etí rẹ̀ mú bí abẹ.
Kò ní í sun ún níná. Ó ní abẹ́ ibòji ni yóò ti gbẹ.

Rájí tó ń po kọnkéré bú sẹ́rìn-ín:
"Ikán ló ń kọ́ irú èyí!"
Mùtíátù ní, "Ikán ò sì ra fáànù."

Nígbà tí búlọ́ọ̀kù gbẹ tán, mo dọ́gbọ́n gbé ọ̀kan lálẹ́,
mo sọ ọ́ sínú korobá omi.
Mo ní tílẹ̀ bá mọ́, ẹrẹ̀ ni n ó fi hàn án,
kí ọ̀rọ̀ ó parí.
Oorun ò kùn mí.
Ìdájí, mo ki ọwọ́ bọ omi.
Etí rẹ̀ ṣì mú. Ó gé mi níka.

Ó ti fi nǹkan mìíràn hàn mí nínú fóònù:
òkúta ìtẹ́lẹ̀ tí wọ́n yọ́ ọ̀rá píọ́wọ́tà ṣe,
ọ̀rá kan náà tó ń dí Ògùnpa lọ́fun;
ẹ̀rọ tí ń tu ògiri jáde bí ẹní fún ọṣẹ ìfọyín.
"Kò ní í béèrè owó oúnjẹ," ni mo wí.
Rájí ò rẹ́rìn-ín sí ìyẹn.
Èmi náà ò rí èsì fún un.

Ṣùgbọ́n amọ̀, àwọn bàbá mi mọ̀ ọ́n mọ.
Èmi ni n kò mọ̀ ọ́n mọ́.

A ti to ògiri dé ojú fèrèsé báyìí, l'Ápẹ̀tẹ̀,
ilé olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì, Ìyá Adédìgbà.
Lọ́sàn-án, mo máa ń fẹ̀yìn ti yàrá kejì.
Ògiri náà tutù.
Ìyá wa ìbá ti ká ẹní wọlé.

Ọmọ mi di orí okùn ìwọ̀n mú, ó pariwo:
"Bàbá, ó tẹ̀!"
Kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún mi rí láti ọjọ́ tí mo gba fúrídọ́ọ̀mù.
Mo wò ó. Mo tún un wò.
Mo gbé e sókè díẹ̀.