Ọmọ Tí Wọ́n Fi Wọn Òṣùwọ̀n

Ẹ má sọ pé wọ́n wọ̀n mí.
Òṣùwọ̀n gan-an ni wọ́n fi mí wọ̀n.
Oṣù mẹ́sàn-án ni mo ti lò láyé nígbà náà,
lórí òkè ilẹ̀ Siri Láńkà, ní Ìpín Kẹta oko tíì,
níbi tí kùrukùru ti ń jí ṣáájú èèyàn,
tí eṣúṣú ń gun ẹsẹ̀ àwọn obìnrin
bí agbowó-orí.

Kílò méjìdínlógún ni òfin.
Bó bá dín, ìdajì owó ọjọ́ náà lo máa gbà.
Ìyá mi já ewé títí èékánná rẹ̀ fi dúdú,
Sellayi já, Ramayi já tòun ti oyún nínú,
àmọ́ nírọ̀lẹ́, lábẹ́ àtíbàbà páànù,
abẹ́rẹ́ òṣùwọ̀n a dúró sí mẹ́rìndínlógún,
a máa gbọ̀n bí ẹlẹ́rìí èké.
Ponnan alábòójútó a sì kọ ọ́ sínú ìwé.

Lọ́jọ́ òjò: “Omi ara ewé la yọ.”
Lọ́jọ́ ọ̀gbẹlẹ̀: “Apẹ̀rẹ̀ la yọ.”
Apẹ̀rẹ̀ wo ló wúwo tó bẹ́ẹ̀?
Ta ni yóò bi í? Ilé tí a ń sùn, ti ọlọ́ko ni.
Ilé-ìwé, ti ọlọ́ko ni.
Ọ̀nà tí a ó bá sá lọ, ti ọlọ́ko ni títí dé títì.

Sellayi kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ó mọ ìṣirò.
Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, nọ́ọ̀sì ìjọba gbé òṣùwọ̀n tirẹ̀ wá.
Kílò mẹ́jọ ni mí. Ó kọ ọ́ sínú káàdì.
Lọ́jọ́rú, nígbà tó kan Sellayi lórí ìlà,
ó da ewé rẹ̀ sílẹ̀, ó gbà mí lẹ́yìn ìyá mi,
ó fi ọ̀já so mí kọ́ ìkọ́ òṣùwọ̀n.
Wọ́n ní mo rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní mo tọ̀.
Abẹ́rẹ́ lọ, ó bọ̀, ó dúró sí mẹ́fà.

Gbogbo àtíbàbà pa lọ́lọ́.
Sellayi na káàdì, kò pariwo.
“Ponnan, kílò méjì ara ọmọ yìí dà?”

Ponnan wo káàdì, ó wò mí, ó wo ọ̀nà ọ́fíìsì.
“Ọmọ náà ti rù,” ló sọ.
“Ọmọdé máa ń tètè rù.”

Ó ti tó ìgbà ogún tí mo gbọ́ ìtàn yìí,
ibẹ̀ ni wọ́n sì máa ń rẹ́rìn-ín sí.
Èmi kì í rẹ́rìn-ín.
Agbára kì í ṣe kùm̀mọ̀ nìkan:
kí èèyàn lè wo ọmọ tó sanra lójúkojú
kó ní ó ti rù,
kí pẹ́ńsùlù sì gbè é.

Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n fi jókòó. Ewé gbó mọ́ igi.
Lọ́jọ́ karùn-ún, òṣùwọ̀n tuntun dé láti Kòlóńbò,
ó ń dán, kò purọ́ gíráàmù kan.
Nígbà tí oṣù wọlé,
òfin di ogún kílò.

Ìyẹn ti pẹ́. Mo kàwé. Ponnan ti kú,
èmi ni pẹ́ńsùlù rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi.
Ọ̀gá pè mí lánàá, ó bu tíì fún mi,
ó ní òjò pọ̀ lọ́dún yìí,
kí n máa yọ kílò kan, ẹyọ kan péré,
omi ara ewé.
Ó ní yàrá kan ṣófo nílé àwọn akọ̀wé,
òrùlé rẹ̀ kì í jò.

Ìyá mi wà lórí ìlà nírọ̀lẹ́ yìí.
Ó gbé apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kọ́.
Abẹ́rẹ́ dúró sí ogún géérégé.
Kò wo òṣùwọ̀n.
Ojú mi ló ń wò.