Àpò Kan, Ẹrù Méjì

Ní Punta Arenas, ẹ̀fúùfù ló ni ìlú,
àwa kàn ń yá ilé gbé lọ́wọ́ rẹ̀ ni.
Wọ́n ta okùn sí igun òpópónà
kí arúgbó lè dì mọ́ ọn, kó má baà bá afẹ́fẹ́ lọ.
Èmi náà dì mọ́ ọn lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun,
kámẹ́rà lọ́rùn, kọ̀ǹpútà alágbèéká lábíyá,
àpò méjì tí ń jà bí orogún lára mi,
ọ̀kan ń fà mí sí òkun, ọ̀kan ń fà mí sí òkè.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni lẹ́ńsì mi gígùn lọ.
Ó yọ́ bọ́ lápò ní èbúté, ó dún pọ̀ọ́ lẹ́ẹ̀kan,
omi sì pa ẹnu dé.
Oṣù méje ni mo fi san owó rẹ̀ tán.
Ẹja ló ń fi í wòran báyìí.

Mo wọ ṣọ́ọ̀bù Anselmo Barría lẹ́yìn ibi ìsìnkú.
Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. "Yasna,
àpò lo wá rà ni, àbí ilé?"
Mo ní ilé ni. Ilé oníyàrá méjì,
kí òrùlé má jò,
kí ayálégbé méjèèjì má fi ìgbọ̀nwọ́ gbún ara wọn.

Èyí tó kọ́kọ́ gbé sílẹ̀ lẹ́wà, awọ ni, ó pọ́n bíi kọfí,
ó ń rùn bí ìjókòó ọkọ̀ olówó.
Mo ṣí i. Níbo ni kámẹ́rà yóò sùn?
Ẹwà ti gba gbogbo àyè.
Ìkejì ní tìmùtìmù, ó pín yàrá yàrá bí afárá oyin,
ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà mi kò gba ẹnu rẹ̀ wọlé.
Ìwọ̀n èékánná kan ló kù,
èékánná kan náà ló sì ba gbogbo rẹ̀ jẹ́.
Ìkẹta gba àwọn méjèèjì. Mo gbé e kọ́,
ó bẹ̀rẹ̀ sí í já mi sílẹ̀ láti ẹ̀yìn.
Wọ́n ní èjìká ni kì í jẹ́ kí ẹ̀wù bọ́.
Ta ni kì í wá jẹ́ kí èjìká bọ́?

Mo ti ń wí lọ́kàn mi pé ẹni tó lé eku méjì á pòfo
nígbà tí bàbá náà wọ yàrá ẹ̀yìn.
Ó pẹ́ níbẹ̀. Mo gbọ́ tó ń sín nítorí eruku.
Ohun tó gbé jáde kò dára lójú:
àwọ̀ ajá tí òjò pa,
tapólì tí wọ́n fi ń bo ọkọ̀ ojú omi ló fi rán an
fún obìnrin kan tó ń ya àwòrán ẹyẹ.
Obìnrin náà lọ sí Santiago, kò padà wá gbà á.

Kọ̀ǹpútà wọnú ẹ̀yìn rẹ̀, ó lẹ̀ pẹrẹsẹ bí ọmọ tí a pọ̀n.
Kámẹ́rà ń gba ìhà jáde, láì sọ ẹrù kalẹ̀.
Okùn kan wà tí a ń so níwájú àyà.
"Òjò ńkọ́?" mo bi í.
Kò fèsì. Ó ju fóònù tirẹ̀ sínú àpò,
ó fa síìpù, ó da omi kẹ́tù lé e lórí.
Àwa méjèèjì dúró, a ń wo omi tó ń ṣàn sílẹ̀ẹ́lẹ̀.
Fóònù dún nínú lọ́hùn-ún.
Ìyàwó rẹ̀ ni. Ó ní kó má gbàgbé búrẹ́dì.

Ó dá iye, mo dá ìdajì, ó rẹ́rìn-ín.
Mo san èyí tí lẹ́ńsì ṣẹ́kù fún mi,
ìyókù di àwòrán ọjọ́ ìbí ìyàwó rẹ̀ ní oṣù tó ń bọ̀.

Mo jáde. Ẹ̀fúùfù wá, ó gbá àpò náà wò,
ó tún un gbá. Àpò jókòó jẹ́ẹ́.
Nínú ìbòrí rẹ̀ mo ti rí òwú pupa tí a fi kọ orúkọ:
E. Oyarzún. N kò mọ̀ ọ́n.
Mo pọn orúkọ rẹ̀ lọ.

Ní igun òpópónà, fìlà bàbá kan ṣí lórí,
ó fò kọjá lókè okùn bí ẹyẹ.
Ọwọ́ mi méjèèjì ṣófo.
Mo ya fìlà náà lófuurufú,
kí n tó rántí pé ó yẹ kí n sáré lé e.