Kásẹ́ẹ̀tì Mẹ́tàdínlógún

Mẹ́tàdínlógún ni wọ́n. Mo kà wọ́n kí n tó dáná sun wọ́n
lẹ́yìnkùlé wa ní Ìkírè, lọ́sẹ̀ tí mo gba Jésù.
Orin ìfẹ́ ni gbogbo wọn.
Ike ń yọ́, ó ń rùn, téèpù ń ká kò bí irun tí iná jó.
Mo pàtẹ́wọ́. Mo tún sunkún díẹ̀.
Mo ní èéfín ni.

Ọdún mẹ́rìnlélógún nìyẹn.
Grimsby ni mo wà báyìí,
níbi tí atẹ́gùn òkun ti ń gbọn aṣọ mọ́ni lára
bí ẹni ń wá owó tó sọnù.
Iṣẹ́ òru ni mo ń ṣe, nílé àwọn arúgbó.
Bàbá Harold ló wà ní yàrá kẹsàn-án.
Apẹja ni nígbà ayé rẹ̀, ó mọ òkun bí ẹní mowó.
Ní báyìí, kò mọ orúkọ ọmọ rẹ̀,
kò mọ̀ bóyá òun ti jẹun.
Nọ́ọ̀sì ló ń pè mí; lọ́jọ́ mìíràn, ó pè mí ní Màmá.
Ṣùgbọ́n bí rédíò ojú fèrèsé bá gbé orin kan,
orin ọkùnrin tó ń bẹ obìnrin pé kó má wọ ọkọ̀ ojú irin,
Bàbá Harold á la ẹnu,
ọ̀rọ̀ á máa tò jáde, ẹyọ kan ò ní já bọ́.
Maureen ló ń kọ ọ́ fún.
Ó ti tó ọdún mẹ́jọ tí Maureen ti kú.

Lóru Ọjọ́rú, ó na ọwọ́ sí mi. Mo gbà á.
Èmi Sísítà Olúfúnmbi, olórí àwọn áátò,
mo gbe orin ayé ní aago mẹ́ta òru,
jẹ́jẹ́, bí ọmọ tó ń jí ẹran nínú ìkòkò.

Ní Sọ́ńdè, Pásítọ̀ Oyèwùmí bi wá pé
orin tí kò dárúkọ Jésù, ta ló ń yìn?
Gbogbo ìjọ ṣe àmín.
Tèmi pẹ́ kó tó dé.

Mo rò ó nínú bọ́ọ̀sì títí mo fi kọjá ibi tí mo ti ń bọ́ọ́lẹ̀.
Mo mọ àwọn orin kan tó ń díye lé obìnrin bí ẹran ìso;
bí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀, èmi náà a pa rédíò.
Mo sì mọ èyí tó ní, ìwọ nìkan ni mo ní,
bí o bá lọ, ayé mi parí.
Ẹ̀dá wo ló lè ru ìyẹn?
Mo ti gbé irú rẹ̀ ka Adégbìtẹ́ lórí rí,
ọrùn ọkọ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣẹ́.
Àmọ́ Sátánì tí mo mọ̀, ìtúká niṣẹ́ rẹ̀.
Kì í bẹ ẹnikẹ́ni pé kó dúró.
Àwa náà sì ń pe Jésù ní Ọkọ ìjọ.
Ahọ́n tí kò bẹ olólùfẹ́ rí,
ohùn wo ni yóò fi pe Ọkọ yẹn?
N kò mọ̀. Ẹ má fi mí ṣe ẹ̀rí.

Ohun kan wà tí n kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni.
Ọ̀kan nínú mẹ́tàdínlógún náà, ti bàbá mi ni.
Òun ló fi fẹ́ ìyá mi.
Bàbá ti kú nígbà náà.
Màmá dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń wo iná.
Wọn ò bá mi wí.
Nígbà tó kú, wọ́n gbá eérú náà lọ sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀,
wọ́n sì pẹ́ níbẹ̀.

Lánàá, Bàbá Harold sùn kí orin tó parí.
N kò pa rédíò.
Mo kúnlẹ̀, mo ń wá sálúbàtà rẹ̀ lábẹ́ ibùsùn,
ẹsẹ̀ kan ló wà níbẹ̀.
Nígbà tí mo sì ti wà lórí eékún,
mo kúkú gbàdúrà.