Ọdún Tí A Sùn Sórí Ìlà Epo

Ọdún náà kò kanlẹ̀kùn kó tó wọlé.
Ó dé bá wa ní Matara bí àlejò tó jẹun yó tán,
tó tún ń bèèrè ibi tí a gbé ìyókù pamọ́ sí.
Wàrà oníyẹ̀fun ló kọ́kọ́ pòórá,
gáàsì tẹ̀lé e, iná mànàmáná tẹ̀lé gáàsì,
títí dórí bébà: àwọn ọmọ ilé-ìwé kò ṣèdánwò
nítorí odindi orílẹ̀-èdè kò rí ìwé tẹ ìbéèrè sí.
Ọ̀rọ̀ tó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là á fi rín.
Mo rín in. Ó dùn mí ní ìhà.

Èmi Somapala, awakọ̀ kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta,
mo to kẹ̀kẹ́ mi sórí ìlà ní ọjọ́ Ajé.
Wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì kọ nọ́ńbà sójú gíláàsì rẹ̀:
igba ó lé mẹ́rìnlá.
Ọjọ́rú bá mi níbẹ̀.
Nandawathi ń gbé ìrẹsì wá fún mi nínú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀,
mo ń jẹ ìdajì,
ìdajì tó kù, ti Suddi ni.

Suddi kò ní olúwa, kò ní okùn lọ́rùn.
Ajá funfun ni, ó ń tiro, etí rẹ̀ kan ti gé.
Ẹnì kan bi mí pé: “Ìwọ gan-an yó,
tí o fi ń bọ́ ajá ìgboro?”
Ìbéèrè rẹ̀ tọ́.
Mi ò rí èsì kankan tó tọ́ tó o.

Ẹni tó tò sẹ́yìn mi ń jẹ́ Sivanesan.
Láti Vavuniya ló ti wá ra ẹja gbígbẹ,
epo tán fún un kó tó kọrí sílé.
Ogun àtijọ́ pa ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó pa àbúrò mi.
A sọ ọ́ fún ara wa ní ọjọ́ kejì,
a kò sọ ọ́ mọ́,
a jọ pín bísíkíìtì kan.

Òru Ọjọ́bọ̀ ni ìlà ṣàdédé sún.
Fèrè ọkọ̀ gba ìgboro kan: “Somapala, tì í! Tì í!”
N kò lè tì í.
Suddi ń rọbí lábẹ́ kẹ̀kẹ́ mi.
Sivanesan fi ìbínú bọ́ sílẹ̀, ó tan iná fóònù,
ó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ibẹ̀,
ó dákẹ́.
Ó bọ́ ẹ̀wù rẹ̀, ó tẹ́ ẹ síbẹ̀,
ó wá dúró ní ìhòòhò àyà láàárín títì,
ó ń juwọ́ sí àwọn tó wà lẹ́yìn: ẹ yà, ẹ máa lọ.
Ọkọ̀ mẹ́rìndínlógójì ló kọjá wa. Mo kà wọ́n.
Kílẹ̀ tó mọ́, epo ti tán.
Ọmọ márùn-ún ló bí. Ọ̀kan kò mí.

Ní oṣù keje, èrò ya wọ ààfin ní Kòlóḿbò.
Mo wò ó lórí fóònù tí bátìrì rẹ̀ ń kú lọ.
Àwọn ènìyàn ń lúwẹ̀ẹ́ nínú omi ọlọ́lá,
wọ́n ń dùbúlẹ̀ sórí ibùsùn tí kì í ṣe tiwọn.
Èmi, ajá pupa kan ni mo ń wò lórí koríko:
ó na gbọọrọ, ó ń sùn nínú ariwo náà,
kò sí ẹni tó lé e.
Bóyá òun nìkan ló mọ̀ pé ilé wa ni.

Wọ́n ní a borí.
Iye owó búrẹ́dì kò tíì gbọ́.
Ọmọ mi ọkùnrin ti gba Doha lọ,
ó ń fọ ọkọ̀ tí a ń rọ epo kún láìtò.

Nínú òjò oṣù Ọ̀pẹ, Sivanesan pè mí.
Òun ló gbé ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà lọ,
Nọ́ńbà ló sọ ọ́.
Kò béèrè ara mi, n kò béèrè tirẹ̀.
Ó ní: “Gbọ́ ohùn rẹ̀.” Nọ́ńbà gbó sínú fóònù.
Mo gbé e sí Suddi létí tó kù.
Ó gbórí sókè díẹ̀,
ó tún sùn lọ.