Ínṣì Mẹ́ta

Rúlà ọmọ iléèwé ni ọ̀gá Fátókí mú wá sétí odò,
orí ọ̀kadà ló gbé e láti Ògbómọ̀ṣọ́.
Orúkọ ọmọ rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀, bírò ni wọ́n fi kọ ọ́:
Tèmídayọ̀, Kíláàsì Kẹrin.
Ó gbé e lé ojú àwọ̀n mi,
ó di ojú kan bí ẹni tó fẹ́ yìnbọn,
ó ní, "Bàbá, ínṣì méjì àtààbọ̀ ni. Òfin ní mẹ́ta."

Mo ti ń hun àwọ̀n láti ìgbà tí wọn ò tíì sé Ọ̀bà.
Ìka mi ni mo fi ń wọn ojú rẹ̀,
ara ìka bàbá mi ni mo ti kọ́ ọ.
Ìka èmi, ìka bàbá mi,
kò sí èyí tó bá rúlà Tèmídayọ̀ mu.

Mo ní, "Ọ̀gá, ẹja wo ló bá ìjọba ṣèpàdé?"
Kò rẹ́rìn-ín. Ó ń kọ nǹkan sínú ìwé.
Ó ní láti ọjọ́ tí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀
títí òṣùpá méjì yóò fi lé, tí wọn yóò sì wọ̀,
àwọ̀n kankan kò gbọdọ̀ kan omi.
Ìgbà náà ni àrọ̀ ń gòkè odò lọ yé,
abo wọn a máa wúwo bí aboyún oṣù kẹsàn-án.

Ó dáa. Ó yé mi. Èmi náà bímọ.
Ṣùgbọ́n ẹ wo òdìkejì níbẹ̀ yẹn,
níbi tí igi arère mẹ́ta wà:
ìpínlẹ̀ mìíràn nìyẹn.
Òfin tiwọn kò tíì jí.
Oṣù tó ń bọ̀ ni yóò tó dìde, tí yóò bọ́jú,
tí yóò wá máa béèrè àwọ̀n lọ́wọ́ àwọn tó ti yó.

Òru ọjọ́ Ẹtì ni òjò àkọ́rọ̀ rọ̀.
Mo jókòó lé ọkọ̀ mi tí mo dojú rẹ̀ dé,
mò ń gbọ́ ẹja nínú omi pupa,
pàṣà, pàṣà, wọ́n ń lọ,
mo sì ń wo iná tọ́ọ̀ṣì lódìkejì,
ọ̀kan, mẹ́ta, méje.
Ẹja tí mo fi sílẹ̀ kó lè bímọ
ni Sùbérù àna mi ń dà sínú kẹ́ẹ̀gì tó gé lórí.
Kí ni mo wá dáàbò bò?
Ìkòkò ọbẹ̀ Sùbérù.

Ní àfẹ̀mọ́júmọ́ ó wakọ̀ wá, ó gbé ọ̀kan lé mi lọ́wọ́,
ó ní kí n má bínú, omi kì í ṣe ti baba ẹnì kan.
Òótọ́ ló sọ. Òótọ́ yẹn gan-an ló ń dùn mí.

Oyèbọ́lá ìyàwó mi la inú ẹja náà lẹ́yìn ilé.
Ẹyin kún un dé ọ̀fun,
ó pọ̀ bí ọkà bàbà tí àpò rẹ̀ ya.
Ó fi ṣíbí bu díẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á,
ó ka àádọ́ta, ó dákẹ́.
Ohun tó wà nínú ṣíbí kò tíì dín.
Ó ní, "Èwo nínú èyí ni ti ìpínlẹ̀ wa?"
N kò dá a lóhùn.
A jẹ ẹja náà. Iyọ̀ rẹ̀ pọ̀ jù díẹ̀.

Ẹ má wí fún ọ̀gá Fátókí.

Lọ́jọ́ kejì mo ṣẹ́ ẹyọ ìgbálẹ̀ kan sí ínṣì mẹ́ta gééré,
mo tú àwọ̀n àtijọ́, mo bẹ̀rẹ̀ òmíràn.
Ogún ojú, ogójì ojú, ọgọ́ta,
ọrùn ń ro mí.
Sùbérù wá kí mi, ó mú ẹyọ ìgbálẹ̀ náà, ó ń yí i lọ́wọ́.
"Kí lèyí?"
Mo ní òfin ni.
Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Nígbà tó lọ tán,
mo wá ẹyọ ìgbálẹ̀ náà títí, n kò rí i.
Mo ṣẹ́ òmíràn.