Ìwé Tó Lọ Wẹ̀ Lókun

Ní erékùṣù wa ní Chiloé, òjò kì í dá.
Ó kàn máa ń sinmi díẹ̀ ni, bí arúgbó tó ń gun òkè.
Ìyá mi ń ṣí ìkarahun ìṣáwùrú nílé-iṣẹ́ kan ní Achao,
ọ̀bẹ ti bu àbàjà sí àtàǹpàkò rẹ̀;
èmi, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ń dúró de ọkọ̀ ojú omi aago mẹ́fà.
Ibo lọmọ ń dúró sí tí òjò ò fi ní pa á?
Ilé ọtí kò gba ọmọdé. Wọ́n ti ti ṣọ́ọ̀ṣì.
Yàrá kan ló kù, lẹ́yìn ilé ìfìwéránṣẹ́,
fèrèsé rẹ̀ pọ́n bí pupa ẹyin.

Ẹ má jẹ́ n purọ́: ìwé kọ́ ni mo wá.
Ààrò onígi ni mo wá.
Don Clodomiro kò bi mí ní ohun tí mo fẹ́.
Ó fẹsẹ̀ ti àpótí ìjókòó kan sún mọ́ iná,
ó ní, "Ẹni tó bá jókòó síbí gbọ́dọ̀ di nǹkan mú."
Ni mo bá fa èyí tó sún mọ́ mi jù:
ìwé àtúnṣe ẹ́ńjìnnì.
Mo kà á tán. N kò lẹ́ńjìnnì, n kò lọ́kọ̀,
ṣùgbọ́n títí dòní, bí ọkọ̀ bá ń wúkọ́ létíkun,
mo mọ ibi tó ń dùn ún.

Lẹ́yìn náà mo ka àrùn ọ̀dùnkún, mo ka ìràwọ̀,
mo ka ìwé àkàrà òyìnbó nílé tí kò léyin.
Ìyá mi á ní, "Eduvina, ojú rẹ á fọ́."
Àmọ́ lálẹ́, tó bá ti fọṣẹ fọ òórùn ìṣáwùrú kúrò lọ́wọ́,
á rọra ní, "Ibo la bá a dé lánàá?"
Ìyá mi ò mọ̀wé.

Lọ́jọ́ kan, ìgbì gbá ọkọ̀ wa létí.
Ìwé bọ́ lọ́wọ́ mi.
Ìwé tí kò mọ̀ ọ́n wẹ̀ lọ wẹ̀ lókun.
Nolberto apẹja fi àwọ̀n gbé e jáde,
ó ti wú bíi búrẹ́dì inú tíì.
Mo sá a sẹ́bàá ààrò lójú-ewé lójú-ewé,
òru méjì gbáko, iyọ̀ ń dán lára rẹ̀.
Ojú-ewé mọ́kànlá ò padà wálé.

Don Clodomiro gbà á, ó fahọ́n kan etí rẹ̀.
"Iyọ̀ rẹ̀ ti pọ̀ jù," ló wí.
Kò bú mi. Kò béèrè owó. Owó wo?
Ó ka bébà mọ́kànlá sí mi lọ́wọ́:
"Ṣebí o ti kà á. Kọ ohun tó sọnù."
Mo kọ ọ́ bí mo ṣe rántí.
Níbi tí n kò ti rántí, mo purọ́ díẹ̀.
Ó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, ó lù ú lóǹtẹ̀,
ó gbé e padà sórí pẹpẹ
sáàárín àwọn tí kò fojú kan òkun rí.

Mo kọ́ṣẹ́ náà ní Valdivia, ọdún mẹ́rin.
Wọ́n ní kí ló dé tí mo yan iṣẹ́ ilé ìkàwé.
Ààrò ló wà lẹ́nu mi.
Mo sọ nǹkan mìíràn tó bójú mu.

Èmi ni mo ni kọ́kọ́rọ́ yàrá náà báyìí.
Òrùlé ń jò síbi ìwé ìtàn; mo gbé garawa síbẹ̀.
Ìwé tó wẹ̀ lókun ṣì ń jáde, ó ṣì ń wọlé.
Ẹnìkan ti fi pẹ́ńsù kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ irọ́ mi:
"Ibí ló dùn jù."

Lóṣooṣù, ìjọba ń béèrè iye òǹkàwé.
Mo ń ka ẹni tó ń kàwé, mo ń ka ẹni tó wá yáná;
kíkà ni gbogbo rẹ̀.
Ọjọ́bọ̀ tó kọjá: èèyàn mẹ́tàdínlógún, ajá kan.
Ajá náà nìkan ni kò di nǹkan kan mú.